Ta Ló Ń Pàṣẹ fún Ẹ̀rọ Ìkàwé Inú Àpò Yín?

Ọ̀rọ̀ ìwé kíkà la gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé oníbébà. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, irú èyí tó wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, tí ìwé ọgọ́rọ̀ọ̀rún lè wà nínú rẹ̀. Àwọn kan wà tó ń yọ ètò tí ilé iṣẹ́ kó sínú ẹ̀rọ yìí kúrò, tí wọ́n sì ń fi òmíràn tí wọ́n fúnra wọn kọ rọ́pò rẹ̀. Kí ló fà á? Àǹfààní wo ló sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń gbé Kòsọ́fẹ́ ní Èkó, tó fẹ́ ka ìwé Yorùbá?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà. Ẹni tó ń gbé Ògùdù ní Kòsọ́fẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, mọ afárá Third Mainland dáadáa. Ọdún 1990 ni wọ́n ṣí i, ó sì gùn tó kìlómítà 11.8. Lọ́jọ́ tí gosiló bá mú níbẹ̀, ẹ̀dá lè ka orí ìwé méjì kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ fóònù lẹ fi ń kà á, oòrùn ò ní jẹ́ kí ẹ ríran, bátìrì á máa lọ, ìfiránṣẹ́ WhatsApp á máa wọlé, ojú àwọn ọmọ tó ń já fóònù gbà lójú fèrèsé ọkọ̀ á sì wà lára yín. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń wá ẹ̀rọ tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju ìwé kíkà lọ.

Ojú ẹ̀rọ ìkàwé yàtọ̀ sí ojú fóònù. Àwọn nǹkan róbótó kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ló kún inú rẹ̀. Epo tó mọ́ gaara ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ̀tù dúdú àti ẹ̀tù funfun sì ń léfòó nínú epo náà. Bí ẹ̀rọ bá fi iná díẹ̀ kàn wọ́n láti ẹ̀yìn, dúdú á gòkè níbi tí lẹ́tà wà, funfun á gòkè níbi tó ṣófo. Bí lẹ́tà bá ti yọ, ó yọ náà nìyẹn. Kò tún gba iná mọ́ títí ẹ ó fi ṣí ojú ewé tó kàn. Ìdí rèé tí bátìrì rẹ̀ fi ń pẹ́ ju ti fóònù lọ fíìfíì, tí oòrùn ọ̀sán kò sì dí i lọ́wọ́, torí ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sára rẹ̀ lẹ fi ń kà á, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń ka bébà.

Ní ọdún 1997 ni àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà dá ilé iṣẹ́ E Ink sílẹ̀. Sony gbé ẹ̀rọ ìkàwé tó ń lò ó jáde ní Japan ní 2004. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, Amazon gbé Kindle jáde ní dọ́là 399, ìgbà náà ni ariwo ẹ̀rọ ìkàwé gba ayé kan.

Ó kan ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú náà. Ní 2010, àjọ Worldreader bẹ̀rẹ̀ sí í kó Kindle fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní Gáńà. Àwọn ọmọ náà kàwé, wọ́n sì fẹ́ràn ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ náà wò, wọ́n rí i pé bí 40 nínú 100 ẹ̀rọ ló ti bàjẹ́, ojú rẹ̀ ló sì sábà máa ń fọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi nǹkan sápò ẹ̀yìn kí ẹ tó jókòó sínú dánfó.

Ní báyìí, inú ẹ̀rọ. Kò sí ẹ̀rọ kan tó gbọ́n fúnra rẹ̀. Ètò kan wà tí ilé iṣẹ́ kọ sínú ọpọlọ rẹ̀ kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, tó ń sọ fún un bí yóò ṣe jí, bí yóò ṣe ṣí ìwé, irú lẹ́tà tí yóò fi hàn, àti ohun tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ètò náà là ń pè ní fámúwià. Ẹni tó bá ni fámúwià ló ń pàṣẹ. Ẹni tó ra ẹ̀rọ kàn ń tẹ bọ́tìnnì ni.

Ẹ lè rò pé àsọdùn nìyẹn. Ní oṣù keje ọdún 2009, àwọn kan tó ti sanwó fún ìwé méjì tí George Orwell kọ jí, wọ́n sì rí i pé ìwé náà ti kúrò nínú Kindle wọn. Amazon ló pa wọ́n rẹ́ láti òkèèrè, nítorí ẹni tó gbé ìwé náà sórí ìtajà wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Wọ́n dá owó padà, ọ̀gá wọn Jeff Bezos sì tọrọ àforíjì. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2025, Amazon kan náà mú ọ̀nà tí àwọn oníbàárà fi ń gba ìwé tí wọ́n rà sórí kọ̀ǹpútà wọn kúrò. Nílé níbí, OkadaBooks, tí Okechukwu Ofili dá sílẹ̀ ní 2013, tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ń ta ìwé lórí rẹ̀, kógbá sílé ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2023. Ìtàn mẹ́ta yìí kò jọra, ibì kan náà ni wọ́n sì parí sí: ìwé wà lọ́wọ́ òǹkàwé, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Kì í ṣe orí ẹ̀rọ ìkàwé ni àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba kọ́kọ́rọ́ náà padà. Ní 2001, àwọn kan tí fámúwià ẹ̀rọ orin Archos kò tẹ́ lọ́rùn jókòó, wọ́n kọ tiwọn, wọ́n sì pè é ní Rockbox. Nígbà tó yá, Rockbox ń fọhùn: ó ń ka orúkọ orin àti ètò jáde kí afọ́jú lè lò ó, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò tíì ronú kan afọ́jú rárá. Lórí ẹ̀rọ ìkàwé, èyí tó gbajúmọ̀ jù ni KOReader. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ìkàwé Kobo, Kindle àti PocketBook, àti lórí fóònù Android. Kì í ṣe fámúwià lódindi. Ó ń jókòó lórí èyí tí ilé iṣẹ́ kó sí i ni. Lórí Kobo, kò le láti fi sí i. Lórí Kindle, ó di dandan kí ẹ kọ́kọ́ já àgádágodo tí Amazon fi tì í, kì í sì í ṣe gbogbo Kindle ló ṣeé já.

Àwọn ẹ̀rọ inú àpò ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà di tuntun. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan, Xteink X4, tí ilé iṣẹ́ kan ní Ṣáínà ṣe. Ojú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 4.3, ó kéré sí fóònù. Kò ní iná lójú, ẹ kò sì lè fi ìka tẹ ojú rẹ̀. Bọ́tìnnì ló ní. Inú mẹ́mọ́rì kaadì ni ìwé ń wà. Dọ́là 69 ni wọ́n ń tà á nígbà tó kọ́kọ́ jáde, láì tíì ka owó ọkọ̀ àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Ọpọlọ rẹ̀ ni ESP32-C3, irú ọpọlọ tí wọ́n ń fi sínú gílóòbù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbọ́ràn sí Wi-Fi lẹ́nu. Àyè iṣẹ́ inú ọpọlọ náà kò ju kílóbáìtì 400 lọ. Fóònù tí àyè iṣẹ́ (RAM) rẹ̀ jẹ́ 4GB fi ìlọ́po bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá jù ú lọ.

Fámúwià tó bá ẹ̀rọ náà wá láti ilé kò tẹ́ ọ̀pọ̀ òǹkàwé lọ́rùn. Bí àwọn kan ṣe kọ òmíràn nìyẹn, wọ́n pè é ní CrossPoint Reader, wọ́n sì ṣí gbogbo ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kà, láti tún ṣe, láti pín. Ó ń ṣí EPUB, ìyẹn irú fáìlì kan tí wọ́n fi ń ṣe ìwé orí ẹ̀rọ, ó ń rántí ojú ewé tí ẹ dúró sí, ó ń jẹ́ kí ẹ yan bí lẹ́tà yóò ṣe tóbi tó, ó sì ń gba ìwé láti orí Wi-Fi.

Báwo ni àyè kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe ń gba odindi ìwé? Bí oníṣu Mile 12 ṣe ń ṣe ni. Tábìlì tó wà níwájú rẹ̀ kò lè gba ju iṣu díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìsọ̀ wà lẹ́yìn. Bí èyí tó wà níwájú bá tán, á lọ kó sí i. CrossPoint ń tú ìwé ní orí kọ̀ọ̀kan. Á wọn ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò parí sí, á kọ àbájáde rẹ̀ sórí mẹ́mọ́rì kaadì, kó lè máa mú ojú ewé kan ṣoṣo wá síwájú. Ìdí nìyẹn tí orí tuntun fi máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí nígbà àkọ́kọ́, tí á sì yá nígbà kejì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa ọmọ Yorùbá gan-an la dé yìí. Ẹ̀rọ kékeré kò ní àyè fún gbogbo lẹ́tà ayé. Ẹni tó kọ fámúwià ló ń yan èyí tí yóò wọlé. Á ya àwòrán lẹ́tà tí ó mọ̀ sílẹ̀, á sì fi ìyókù sílẹ̀. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Jámánì ló wà lọ́kàn rẹ̀, ìwé Yorùbá yóò yọ pẹ̀lú àpótí òfìfo láàárín ọ̀rọ̀, tàbí kí àmì ohùn fò kúrò lórí lẹ́tà tó ni ín, kó lọ gun èyí tó tẹ̀ lé e.

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ló mọ̀. Ètò àgbáyé tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà ni Unicode. Fáwẹ́lì wa tí kò ní àmì lábẹ́, bí à, é, ì, ó, ti ní nọ́ńbà tiwọn tipẹ́, torí àwọn ará Yúróòpù náà ń lo púpọ̀ nínú wọn. Ẹ, ọ àti ṣ náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ tàbí ọ bá gbé àmì sókè, tó tún ní àmì nísàlẹ̀, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un. Nọ́ńbà méjì ni a máa so pọ̀: ti lẹ́tà, lẹ́yìn náà ti àmì òkè. Fóònù ńlá ní ètò tó ń so wọ́n pọ̀ láì jẹ́ kí ẹ mọ̀, KOReader náà sì ní in. Fámúwià kékeré lè má ní in rárá.

Ó tún ku ọ̀kan. Òǹtẹ̀wé kan lè kọ lẹ́tà ẹ́ lọ́nà tí a sọ yìí. Ẹlòmíràn lè kọ é tó ní àmì òkè tán, kó tó fi tìsàlẹ̀ sí i. Ẹlòmíràn á kọ e lásán, á wá kó àmì méjèèjì lé e. Àwọn kan kì í tilẹ̀ fi tó-tó sábẹ́ rẹ̀, igi kékeré ni wọ́n ń fà sí i. Lójú òǹkàwé, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, lẹ́tà mẹ́rin tó yàtọ̀ síra ni. Ìdí rèé tí ìwé méjì nínú ẹ̀rọ kan náà fi lè ṣe yàtọ̀: ọ̀kan á dára, èkejì á fọ́.

Ìjàkadì yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Láti ìgbà tí àjíhìnrere Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859 ni iṣẹ́ ti wà fún ẹni tó ń tẹ̀wé Yorùbá. Ní 1875, ìpàdé tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe alága rẹ̀ ní Èkó fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa, ìjọba sì tún fọwọ́ sí àtúnṣe rẹ̀ ní 1974. Síbẹ̀, nígbà ayé taipuráítà, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́ wa á rántí pé lẹ́yìn tí wọ́n bá taìpù tán ni wọ́n máa ń fi bírò fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kọ̀, ọwọ́ ṣe é.

Fámúwià tó ṣí sílẹ̀ fún wa láǹfààní tí taipuráítà kò fún wa. A lè wọ inú ẹ̀rọ lọ tún un ṣe. Iṣẹ́ ibẹ̀ kò sì pọ̀ bí ẹ ṣe lè rò. Àwọn lẹ́tà tí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nìyí: ẹ pẹ̀lú àmì ohùn òkè, ẹ pẹ̀lú àmì ohùn ìsàlẹ̀, ọ pẹ̀lú àmì ohùn òkè, ọ pẹ̀lú àmì ohùn ìsàlẹ̀, ó di mẹ́rin. Ẹ ka lẹ́tà ńlá wọn mọ́ ọn: mẹ́jọ. Bí ẹ bá fi m tó ní àmì ohùn ìsàlẹ̀ kún un, ti kékeré àti ti ńlá, ó di mẹ́wàá. Ohun tí iṣẹ́ náà gbà ni àwòrán mẹ́wàá yìí, ní ìwọ̀n bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àti ìlànà díẹ̀ tó ń sọ gbogbo oríṣi ìkọ̀wé di ọ̀kan kí ẹ̀rọ tó ya ojú ewé. Fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ tó ní lẹ́tà wa pé pérépéré kò wọ́n: Noto ti Google wà, Charis àti Gentium ti àjọ SIL náà wà. Ọmọ tó ti kọ́ èdè kọ̀ǹpútà C++ dé ìwọ̀n kan lè ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wá fẹ́ dán an wò ńkọ́? Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ kankan, ẹ kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sọ ọ́ di EPUB: “Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn.” Ẹ ní kí ẹni tó ní irú ẹ̀rọ náà ṣí i. Bí gbogbo àmì bá jókòó síbi tó yẹ, ẹ̀rọ yẹn gbọ́ Yorùbá. Bí ẹ bá rí àpótí òfìfo, ẹ ti mọ iṣẹ́ tó wà níwájú.

Bí ẹ bá ti rà á, tí ẹ sì fẹ́ fi fámúwià tuntun sí i, ìyẹn ni kí ẹ flash ẹ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ Computer Village ní Ìkẹjà ṣe ń pè é, ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà fámúwià tó bá a wá sórí kọ̀ǹpútà yín. Bí ti tuntun kò bá wù yín, ẹ ó lè padà. Ohun kejì, okùn USB. Ọ̀pọ̀ okùn tí wọ́n ń tà lójú títì, iná nìkan ló ń gbé, kì í gbé fáìlì. Ẹ wá èyí tó ń gbé méjèèjì. Ohun kẹta, ojúlé àwọn tó kọ fámúwià náà gan-an ni kí ẹ ti gbà á, kì í ṣe inú gúrúùpù tí ẹnì kan ti jù ú sílẹ̀. Ohun kẹrin, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ kún ni kí ẹ lò, torí àwọn oníná kì í sọ fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó mú iná lọ.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń gbà, láti inú Chrome lórí kọ̀ǹpútà. Bó bá dáwọ́ dúró lágbedeméjì ńkọ́? Lórí ọpọlọ ESP32-C3, ètò kékeré kan wà tí wọ́n ti jó mọ́ inú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, tí kò ṣeé pa rẹ́. Òun ló ń gba fámúwià wọlé, nítorí náà ẹ máa ń lè tún un bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ lè ti ọ̀nà yìí pa bó bá wù wọ́n, ó sì ṣeé ṣe kí wáráńtì bọ́. Ẹ béèrè méjèèjì kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ó yẹ ká sọ̀rọ̀ nípa ìwé fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tí ẹ rà lórí Kindle ló ní àgádágodo, wọn kò ní ṣí lórí fámúwià wọ̀nyí. EPUB tí a kò tì ni wọ́n ń jẹ. Kì í wá ṣe pé kí a máa da ìwé oníwé kọ sínú mẹ́mọ́rì kaadì. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, sọ pé àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé ni ìwé rẹ̀ tó di ti gbogbo ayé. D. O. Fágúnwà, òǹkọ̀wé Yorùbá, kú ní oṣù kejìlá ọdún 1963. Nítorí náà, títí di òpin 2033, ẹbí rẹ̀ àti atẹ̀wé rẹ̀ ló ni ẹ̀tọ́ lórí ohun tó kọ. Ti Àjàyí Crowther, tó kú ní 1891, ti di ti gbogbo wa tipẹ́. Bí òǹkọ̀wé tó wà láàyè bá ń ta EPUB rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ra á lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni owó yín ń dé ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́.

Ṣé gbogbo èèyàn ló nílò ẹ̀rọ yìí? Rárá o. Bí fóònù yín bá tó yín fún ìwé kíkà, ẹ máa bá a lọ. KOReader lórí Android kò ná yín ní kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ alẹ́ lẹ sábà máa ń kàwé, tí iná kì í sí ládùúgbò yín, ẹ̀rọ tí kò ní iná lójú yóò tún fi wíwá tọ́ọ̀ṣì kún wàhálà yín. Fún ẹni tó ń kàwé lójú ọ̀sán, nínú ọkọ̀, tó sì fẹ́ sinmi lára fóònù, owó tó ná lórí rẹ̀ kò ṣòfò. Kobo àlòkù tí ojú rẹ̀ kò tíì fọ́ lè sàn ju tuntun olówó gọbọi lọ, torí pé ẹ lè fi ohun tó wù yín sínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mi kù díẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ògùdù, Kétu àti Ìkosì tí ẹ ń kọ́ kóòdù, tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi han ayé, iṣẹ́ kan rèé: lẹ́tà mẹ́wàá. Ẹ mú fámúwià kan tó ṣí sílẹ̀, ẹ fi lẹ́tà Yorùbá sí i, ẹ dán an wò pẹ̀lú ìwé láti ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì dá a padà fún àwọn tó kọ ọ́, kí ó lè wọ inú ẹ̀rọ gbogbo ẹni tó ń lò ó láti Ìbàdàn dé Kútọnú, dé London. Ẹ̀yin olùkọ́ èdè Yorùbá, ẹ bá wọn jókòó, ẹ yẹ àmì wọn wò, torí ẹni tó mọ kóòdù lè má mọ ohùn. Ẹ̀yin òǹtẹ̀wé, ẹ yan ọ̀nà kan ṣoṣo láti kọ lẹ́tà wa nínú fáìlì yín, kí ẹ má yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ ra ẹ̀rọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá ó ṣeé ṣí, bóyá ó gba Yorùbá. Bí a bá ń béèrè, wọ́n á mọ̀ pé a wà níbẹ̀. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.